Ó Lè Dúró

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Àwọn àgbà tó sọ ọ́ kò fojú kan kọ̀ǹpútà rí, wọn kò sì mọ fóònù, síbẹ̀ àfi bí ẹni pé Abẹ́rẹ́ gan-an ni wọ́n ń bá wí. Ìwọ tó ń kàwé yìí, bí ẹni tó o fẹ́ràn bá wà nítòsí rẹ, kọ́kọ́ gbójú sókè wò ó ná, kí a tó jọ máa lọ.

Télọ̀ ni Abẹ́rẹ́. Ìnagijẹ ni. Obìnrin náà tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ sì mú débi pé bí ojú rírán kan bá tú létí aṣọ ẹni tó ń kọjá lọ ní òdìkejì títì, á rí i. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ránṣọ nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí títì. Ibẹ̀ ni Gbẹ́nàgbẹ́nà ti bá a. Ẹsẹ̀ tábìlì tó fi ń gé aṣọ ló yẹ̀, wọ́n ní kó pe ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ọkùnrin náà dé, ó rá wọ abẹ́ tábìlì, ó ń fọwọ́ mi ẹsẹ̀ náà wò.

"Ta ló ṣe ẹsẹ̀ yìí?" ló béèrè lábẹ́ ibẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe rà á nìyẹn."

"Ẹni tó ṣe é fẹ́ kó yẹ̀ ni, kí ẹ lè tún pè é."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ ò ní fẹ́ kí n tún pè yín?"

Ó fẹ́ yọrí dá a lóhùn, ló bá forí gbá tábìlì, gbì! Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pẹ̀lú kókó lórí.

Ó tún ẹsẹ̀ náà ṣe, kò sì yẹ̀ mọ́ títí dòní. Síbẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kejì ó wá wò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó tún wá. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, àbúrò bàbá Abẹ́rẹ́, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń dúró de aṣọ rẹ̀. Ó wo ọkùnrin yìí látòkè délẹ̀.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tọ́jú aláìsàn," ló wí, "mi ò rí ẹsẹ̀ tábìlì tó ń gba ìbẹ̀wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ rí. Ọmọ mi, ìwọ gan-an, kí ló ń ṣe ẹ́?"

Láti ọjọ́ náà ni Àǹtí Nọ́ọ̀sì ti di alárinà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yàn án. Àwọn ọ̀rẹ́ Gbẹ́nàgbẹ́nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Òwú, nítorí ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà lòwú ń tọ̀.

Ọdún méjì kọjá. Ọ̀sẹ̀ tí Gbẹ́nàgbẹ́nà sọ pé òun fẹ́ kí ẹbí méjèèjì pàdé, ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni lẹ́tà kan tẹ Abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Àwọn tó ń ta aṣọ tí wọ́n ti rán sílẹ̀ ti ń gba oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Maṣíìnì rẹ̀ a máa dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdún. Òun náà kò fọwọ́ lẹ́rán. Ọdún kan ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà láti inú fóònù, ó ń gbàdúrà sí i, ó sì kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ kan tó ń gba ọmọṣẹ́. Wọ́n gbà á. Oṣù mẹ́wàá ni ìkọ́ṣẹ́ náà, agogo mẹ́jọ àárọ̀ sí agogo méje ìrọ̀lẹ́, Mọ́ńdè sí Sátidé, iṣẹ́ àmúrelé ò sí nínú ìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ọmọṣẹ́ lè pa jẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni bá pa ìkẹrin jẹ, kó kó ẹrù rẹ̀ máa lọ.

"Oṣù mẹ́wàá péré ni," Abẹ́rẹ́ wí.

"Ọdún mẹ́rin lèmi fi kọ́ iṣẹ́ igi. Lọ. Màá dúró dè ẹ́."

"Ọjọ́ Àìkú wa ṣì wà."

"Ọjọ́ Àìkú tó mi."

Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Wọn ò mọ̀ ni.

Ní ilé iṣẹ́ náà, bí ọmọṣẹ́ bá ti dé láàárọ̀, kò gbọ́dọ̀ jókòó. Àwọn mẹ́rìnlá á dúró yí ká, oníkálukú á sọ ohun mẹ́ta: ohun tí mo ṣe lánàá, ohun tí mo fẹ́ ṣe lónìí, ohun tó ń dí mi lọ́wọ́. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Aago, ní bí èèyàn bá jókòó ọ̀rọ̀ á gùn; ẹsẹ̀ tó ń roni kì í jẹ́ kí ẹnu pa ìtàn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á pín sídìí kọ̀ǹpútà méjì méjì. Ọ̀kan á máa tẹ ọ̀rọ̀ wọlé, èkejì á máa wò ó, á máa nawọ́ sí ibi tí àṣìṣe wà. Bí aago bá dún lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n á pààrọ̀ àyè. Abẹ́rẹ́ mọ èyí ṣe. Àṣìṣe inú ètò ò yàtọ̀ sí ojú rírán tó tú. Kìkì pé aṣọ yìí ò ní etí, èèyàn ò lè sọ pé òun ti rán an dópin.

Ó ń rẹ̀ ẹ́. Àárẹ̀ náà kì í ṣe irú èyí tí oorun ń wò sàn. Nínú bọ́ọ̀sì, á fi iwájú orí ti gíláàsì, bọ́ọ̀sì á sì gbé e kọjá ilé ní ibùdókọ̀ méjì. Etí ẹ̀wù òun fúnra rẹ̀ tú, òun télọ̀, ó fi pín-ìn-nì há a fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Gbẹ́nàgbẹ́nà á pè, kò ní lè gbé e. Á fi ọ̀rọ̀ kúkúrú ránṣẹ́ sí i: "Mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo fẹ́ràn ẹ gan-an." Nígbà tó fi máa di oṣù kẹrin, ó ti kù sí "Mo wà lẹ́nu iṣẹ́." Nígbà tó di oṣù karùn-ún, ó ku "Iṣẹ́."

Ọjọ́ Àìkú tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ara wọn náà ò jẹ́ nǹkan kan mọ́. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan, Gbẹ́nàgbẹ́nà ń sọ̀rọ̀, Abẹ́rẹ́ ń mi orí.

"Kí ni mo sọ kẹ́yìn?" ni ọkùnrin náà béèrè.

Abẹ́rẹ́ la ojú. "O ní... ilẹ̀kùn."

"Gbẹ́nàgbẹ́nà ni mí. Kò sí ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ò sí lẹ́nu mi. Tábìlì ni mo sọ. Tábìlì tiwa. Èyí tó gùn, kí ìwọ ní ìkangun kan tí wàá fi ṣiṣẹ́, ká máa jẹun ní èkejì. Mo ti ra pákó rẹ̀."

"Ó dára gan-an ni," Abẹ́rẹ́ wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kí ó tó fi ọwọ́ náà sílẹ̀, ó ti sùn padà.

Màmá Gbẹ́nàgbẹ́nà, opó ni. Alágbàfọ̀ ni, ó ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún ilé ìtura kan, ọwọ́ rẹ̀ sì funfun nínú bí ọṣẹ. Ó ní kí wọ́n mú ọmọbìnrin náà wá jẹun. Ó gbé ìrẹsì kalẹ̀, ó ní kí gbogbo wọn dijú kí òun gbàdúrà. Àdúrà náà dùn. Ó dúpẹ́ ẹ̀mí, ó tọrọ ọ̀nà, ó ka oore Ọlọ́run láti kékeré ọmọ rẹ̀ títí dórí tábìlì tó wà níwájú wọn. Nígbà tó pe àmín, ohùn kan ṣoṣo ló dá a lóhùn.

Ojú Abẹ́rẹ́ ṣì dì. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀.

"Àdúrà ni mo gbà," Màmá wí, "àbí orin ìrẹ̀mọ́lẹ́kún?"

Gbẹ́nàgbẹ́nà fọwọ́ tọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ ta gìrì, ó pariwo: "Ìlà kejìlá! Ibẹ̀ ló ti bàjẹ́!"

Ká ní ẹlòmíràn ló ń sọ ìtàn yìí, ẹ̀rín ni ì bá fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Abẹ́rẹ́ ń fọ ojú rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó gbọ́ ohùn Màmá láti ilé ìdáná.

"Ọmọ mi, ọmọ asọgi-wíwọ́-dàga, ọmọ baba tó ń kan ìṣó kan kó tó sọ̀rọ̀ kan, mi ò sọ pé ọmọ náà burú. Ojú rẹ̀ tutù. Àmọ́ ìyàwó lò ń wá, ẹ̀rọ sì ti gbé e níyàwó ṣáájú ẹ."

"Oṣù márùn-ún ló kù, Mà."

"Tó bá pé oṣù márùn-ún ńkọ́? Wọ́n á gbà á síṣẹ́, iṣẹ́ náà á tún ní oṣù tiẹ̀. Ìwọ fúnra ẹ, kò rẹ̀ ẹ́?"

Abẹ́rẹ́ dúró, omi ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, ó ń retí ohun tí Gbẹ́nàgbẹ́nà máa sọ. Kò sọ nǹkan kan. Nínú gbogbo ohun tó gbọ́ lọ́jọ́ náà, ìdákẹ́ yẹn ló gbọ́ jù.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì gbéra. Ó lọ kí Màmá lẹ́ẹ̀kan, ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó bá a ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tó yá, Màmá ní ó dáa, kí ẹbí pàdé ẹbí. "Kí ọmọ yín ṣáà mú ọjọ́ tí kò ní sùn." Ọjọ́ yẹn ló wá di wàhálà. Bí Gbẹ́nàgbẹ́nà bá béèrè pé ọjọ́ wo, Abẹ́rẹ́ á ní, "Jẹ́ kí n parí ti ọ̀sẹ̀ yìí ná." Ọ̀sẹ̀ yìí á bí ọ̀sẹ̀ mìíràn.

Pátákó ńlá kan wà lára ògiri ilé iṣẹ́ wọn. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín in sí: Ó Lè Dúró, Ó Ń Lọ Lọ́wọ́, Ó Ti Parí. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní bébà yẹ́lò kékeré tiẹ̀, bébà náà á sì máa ṣí láti ọ̀nà kan bọ́ sí èkejì bí iṣẹ́ bá ṣe ń rìn. Ní Mọ́ńdè kan, Ọ̀gá Aago ní kí wọ́n kọ ohun ilé tó wà lọ́kàn wọn náà sí i. "Ohun tí ẹ ò kọ sílẹ̀," ló wí, "òun ló ń jẹ yín lọ́pọlọ." Ẹnì kan kọ "Eyín mi." Ẹnì kan kọ "Òrùlé tó ń jò." Abẹ́rẹ́ kọ "Gbẹ́nàgbẹ́nà: ọjọ́ ìpàdé ẹbí," ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ Ó Lè Dúró, ó padà sídìí kọ̀ǹpútà. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ fúyẹ́. Òfin kan ṣoṣo ló de pátákó náà: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣí bébà ẹlòmíràn nípò.

Ọ̀sẹ̀ méje ni bébà náà fi wà níbẹ̀.

Ní Ọjọ́rú kan, ilẹ̀kùn àbáwọlé wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀, igbe rẹ̀ sì ń gún gbogbo wọn létí. Ọ̀gá Aago ní kí aládùúgbò bá òun pe ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe. Àwọn ọmọṣẹ́ jáde lọ jẹun ọ̀sán. Nígbà tí wọ́n padà, ilẹ̀kùn ṣí wọ́ọ́rọ́, kò dún.

"Iṣẹ́ ọwọ́ mà nìyí o," ni ọmọkùnrin tí òun àti Abẹ́rẹ́ jọ ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan wí.

"Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni," Ọ̀gá Aago dáhùn. "Ó dúró níwájú pátákó yẹn fún ìgbà díẹ̀. Mo rò pé ó ń wo bí a ṣe kàn án mọ́ ògiri ni."

Ọmọkùnrin náà wo pátákó, ó yíjú sí Abẹ́rẹ́, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. "Ẹ kú oríire o! Ẹ ti ṣe ìpàdé ẹbí, ẹ ò wí fún ẹnì kankan?"

Abẹ́rẹ́ gbójú sókè. Bébà rẹ̀ ò sí níbi tó fi í sí. Ó wà ní Ó Ti Parí, ó gún régé, etí rẹ̀ bá ìlà mu bí ohun tí wọ́n fi rúlà wọ̀n. Lẹ́búlẹ́bú igi wà níbi tí àtàǹpàkò ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ó pè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ọkùnrin náà gbé e.

"Mi ò bínú," ló wí. "Ó rẹ̀ mí ni."

Kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Abẹ́rẹ́, ẹni tí kò lè kọ ju "Iṣẹ́" lọ tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ojú ewé méjì, mẹ́ta. Ó ń kọ ọ́ nínú bọ́ọ̀sì, ó ń kọ ọ́ nílé ìwẹ̀. Ọkàn rẹ̀ pín sí méjì. Ọ̀kan ń sọ pé: ẹni tó ní òun á dúró, tí kò lè dúró, jẹ́ kó lọ. Èkejì ń béèrè pé: ta ló dúró ti ẹnì kejì rẹ̀ rí nínú ẹ̀yin méjèèjì? Láàárọ̀, bó bá kàn án láti sọ ohun tó ń dí i lọ́wọ́, á ní, "Kò sí." Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì wá bá a ní Ọjọ́ Àìkú kẹta.

"Ìgbà mélòó lo ti kọ̀wé sí i?"

"Mi ò kà á mọ́, Àǹtí."

"Ó ti rí ojú ẹ?"

Abẹ́rẹ́ wolẹ̀.

"Tí dókítà bá ní ọ̀rọ̀ tó wúwo láti bá ẹbí aláìsàn sọ, kì í kọ ọ́ sí bébà o. Á lọ jókòó tì wọ́n ni. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ọmọ mi."

"Àǹtí, ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù fún mi. Ibà gba ọ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Mọ́mì gba ìkejì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló ṣì kù. Tí n bá lò ó, tí àìsàn sì tún mú mi, oṣù mẹ́jọ mi lọ nìyẹn."

"Mo gbọ́." Àǹtí gbé báàgì rẹ̀. "Kí lo wá ń tọ́jú ọjọ́ náà dè?"

Abẹ́rẹ́ gbàdúrà ní òwúrọ̀ Túsìdeè, ó wọ bàtà, ó dúró ní ibùdókọ̀. Bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ dé, ó jẹ́ kó lọ. Ó fẹsẹ̀ rìn dé ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́.

Òórùn igi tuntun àti fáníìṣì ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń fá ẹsẹ̀ àga kan, Màmá sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣẹ́ẹ̀tì tó lọ̀ wá fún ọmọ rẹ̀ wà lórí itan. Pákó gígùn kan fara ti ògiri, eruku ti bò ó. Abẹ́rẹ́ kò béèrè kó tó mọ ohun tí pákó náà jẹ́.

Ó kí wọn. Ìfági dúró.

"Ṣebí òní jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́?" Màmá béèrè.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Wọ́n lé ẹ ni?"

"Rárá, Mà. Ọjọ́ kan ló kù tí mo lè pa jẹ. Òun ni mo pa jẹ yìí."

Màmá wò ó dáadáa, ó fi ẹsẹ̀ ti àga kan sí i. "Jókòó."

"Ẹ jẹ́ kí n dúró, Mà. Tí mo bá jókòó, oorun á gbé mi lọ." Ó kọjú sí Gbẹ́nàgbẹ́nà. Ìdúró àràárọ̀ nìkan ni ọ̀nà tó ṣì mọ̀ láti fi sọ òótọ́. "Lánàá, wákàtí mẹ́fà ni mo fi wá àṣìṣe kan, mo sì rí i. Lónìí, mo wá síbí. Ohun tó ń dí mi lọ́wọ́..." Ó tún un bẹ̀rẹ̀. "Gbogbo ohun tó lè sá lọ ni mò ń lé. Ìwọ ò sá. Mo wá fi ẹ́ síbi tí mo rò pé màá ti bá ẹ nígbàkígbà tí mo bá dé. Àṣìṣe mi nìyẹn. Èyí tí mi ò rí."

Gbẹ́nàgbẹ́nà gbé ìfági kalẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ka bébà náà," ló wí. "Mo ní bóyá gbẹ́nàgbẹ́nà mìíràn ni." Kò rẹ́rìn-ín. "Ohun tó o kọ, òótọ́ ni. Mo lè dúró. Mo ti ń dúró. Ṣùgbọ́n èmi ló yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ, kì í ṣe ìwọ ló yẹ kó o sọ ọ́ nípa mi."

"Mo mọ̀ báyìí. Tó o bá ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀..."

"Má dán an wò. Ẹni tó bá ju iṣẹ́ nù nítorí mi, ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa wo ojú mi, iṣẹ́ yẹn ló máa rí."

Màmá ń fọwọ́ tẹ́ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tó wà ní itan rẹ̀, ohun tí kò nílò títẹ́ mọ́.

"Ọdún tí mo wọlé bàbá ẹ," ló sọ lójijì, "mo sùn sídìí aṣọ tí mò ń lọ̀. Áyọ́ọ̀nù jó ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ní fún òde. Kò bínú. Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún odindi ọdún kan, ihò lẹ́yìn gbàgàdà."

"Mà, ẹ ò sọ ìyẹn fún mi rí."

"Ta ló máa ń sọ irú ẹ̀ fún ọmọ?" Ó yíjú sí Abẹ́rẹ́. "Ọjọ́ wo ni àwọn ará ilé yín ń bọ̀?"

"Ọjọ́ Àìkú yìí, Mà. Agogo mẹ́rin."

"O ò ní sùn?"

Abẹ́rẹ́ fẹ́ ṣèlérí, ó sì rántí ohun tí ìlérí ti ṣe. "Mo lè sùn, Mà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà á gé àdúrà kúrú." Ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì kọ́ ìṣó, ó fa àpò rẹ̀ lé èjìká, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn méjì ló kù. Abẹ́rẹ́ mú bébà yẹ́lò náà, tó ti yọ kúrò lára pátákó, jáde nínú báàgì, kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Gbẹ́nàgbẹ́nà gbà á, ó ṣẹ́ ẹ po, ó kì í bọ àpò tí pẹ́ńsùlù rẹ̀ ń gbé.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló kù," Abẹ́rẹ́ wí. "Ó máa le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò ní parọ́ fún ẹ."

"Mo mọ̀."

"Ó ṣì ń rẹ̀ mí."

"Èmi náà."

Gbẹ́nàgbẹ́nà rìn lọ sídìí ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu eruku kúrò lára pákó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbé e, ó fi ìkangun kan lé orí igi ìdúró tó fi ń rẹ́ pákó. Ìkangun kejì ń fì sókè sódò nínú afẹ́fẹ́. Ó gùn ju ohun tí ọwọ́ ẹnì kan lè ká lọ. Ó gbójú sókè, ó wo Abẹ́rẹ́, ó wò ó pẹ́.

"Wá bá mi di ìkangun kejì mú," ló wí.